Ta Ni Ó Ni Àwòrán Tí Àwọn Ọmọ Wa Ń Wò?

Ní ọjọ́ Sátidé kan ní ìlú Ayétẹ̀ yìí, a yà sí ilé ọ̀rẹ́ wa kan láti kí i kú àbọ̀ oko, a sì bá ọmọ mẹ́rin lórí ẹní tí wọ́n forí jọ sídìí fóònù kan ṣoṣo. Ìyá àgbà ilé náà jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ó ń bó ẹ̀gúsí. Nínú fóònù náà, ológbò kan ń lé eku kan kiri, eku náà sì ń fi ọgbọ́n bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà gbogbo. Àwọn ọmọ náà ń rẹ́rìn-ín tóbẹ́ẹ̀ tí omi fi ń jáde lójú wọn. Nígbà tí iná fóònù tán, ìyá àgbà rò pé àyè ti ṣí sílẹ̀ fún òun, ó gbé ohùn sókè, ó ní, “Ààlọ́ o!” Ilé dákẹ́ rọ́rọ́. Kò sí ẹni tí ó dáhùn, àfi ọmọ ọdún mẹ́fà kan tí ó bi í léèrè pé, “Ìyá àgbà, kí ni ẹ ní kí n ṣe?”

Àwa kò sọ èyí láti fi ọmọ náà ṣe yẹ̀yẹ́. Ohun tí a kò fi kọ́ ọmọ, a kò gbọdọ̀ bi í léèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn wa títí a fi dé ilé. Ọmọ náà mọ orúkọ ológbò, ó mọ orúkọ eku, ó sì mọ ìgbà tí ajá ńlá yóò yọ láti ẹ̀yìn ilé. Bàbá rẹ̀ tí ó ń ra dátà kò mọ ẹni tí ó ya àwòrán náà, kò mọ ẹni tí ó san owó rẹ̀, kò sì mọ ẹni tí èrè rẹ̀ ń bọ̀ sí lápò di òní olónìí. Nítorí náà ni a ṣe pinnu láti tọ ipa ọ̀rọ̀ yìí fún àwọn ará ilé tí ń ka ìwé wa, kí wọ́n lè mọ irú iṣẹ́ tí iṣẹ́ kàtúùnù jẹ́, bí ó ti ń là, àti bí ó ti ń kú.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ bí a ti ń ṣe é. Àwòrán kò rìn rárá. Ojú wa ni a ń tàn. A óò ya àwòrán kan, a óò ya èkejì tí ó yàtọ̀ sí ti àkọ́kọ́ díẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni títí lọ, a óò sì máa fi wọ́n hàn ní kíákíá. Nínú fíìmù, àwòrán 24 ni ń kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ ṣírò rẹ̀: eré tí kò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ yóò gba àwòrán 7,200. Bí a bá tilẹ̀ fi ọ̀kọ̀ọ̀kan hàn lẹ́ẹ̀mejì, 3,600 ni ó kù láti yà. Bí ayàwòrán kan bá ń ya ogún lójúmọ́, tí kò sì sinmi àfi ní ọjọ́ Ìsinmi, ọgbọ̀n ọ̀sẹ̀ ni yóò fi jókòó sídìí eré tí àwọn ọmọ wa yóò wò tán kí omi ẹ̀kọ tó hó. A kò ì tíì sọ ti ẹni tí yóò kùn ún, ti ẹni tí yóò fọhùn sí i, àti ti onílù. Kọ̀ǹpútà ti gba púpọ̀ nínú iṣẹ́ ọwọ́ yìí lóde òní, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà kì í san owó oṣù fún ẹnikẹ́ni, kì í sì í ra epo sí jẹnẹrétọ̀.

Ológbò àti eku tí a bá ní Ayétẹ̀ yẹn, Tom àti Jerry ni orúkọ wọn. Ọkùnrin méjì ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, William Hanna àti Joseph Barbera, ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ wọn ní ọdún 1940, nígbà tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ fún ilé iṣẹ́ fíìmù MGM. Eré wọn gba ẹ̀bùn Oscar lẹ́ẹ̀meje. Ẹni tí ó gba irú ẹ̀bùn bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀meje, a lè rò pé ó ti fìdí múlẹ̀ títí ayé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn ọ̀gá MGM ṣí ìwé owó wọn wò, wọ́n rí i pé bí a bá tún àwọn eré àtijọ́ gbé jáde, owó tí wọ́n ń mú wọlé fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti tuntun. Kí ni a wá ń náwó sórí tuntun sí? Ní ọdún 1957 wọ́n ti ẹ̀ka kàtúùnù wọn pa, àwọn tí ń ya ológbò àti eku sì di aláìníṣẹ́. Ohun tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn ṣe ni ó lé wọn kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí a óò tún padà sí i.

Ní ọdún náà gan-an ni Hanna àti Barbera dá ilé iṣẹ́ tiwọn sílẹ̀. Tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n fojú sùn, ṣùgbọ́n tẹlifíṣọ̀n kò ní owó tí sinimá ní. Fún eré ìṣẹ́jú márùn-ún, nǹkan bí 3,000 dọ́là ni a gbé lé wọn lọ́wọ́, owó tí kò tó ìdá mẹ́wàá ohun tí wọ́n ń ná sórí Tom àti Jerry kan. Ilé iṣẹ́ Screen Gems gbé owó sílẹ̀ fún wọn, wọ́n sì wá ọgbọ́n dá. Bí ènìyàn inú àwòrán bá ń sọ̀rọ̀, ẹnu rẹ̀ nìkan ni wọn yóò yà ní tuntun. Ara rẹ̀ yóò dúró gbagidi. Bí ó bá ń sáré, ilé kan náà àti igi kan náà ni yóò máa kọjá lẹ́yìn rẹ̀ láìlópin. Ẹni tí ó bá sì ti wo Yogi, bíárì tí ń jí oúnjẹ àwọn arìnrìn-àjò, yóò ti rí i pé ó so táì mọ́rùn bí akọ̀wé ọ́fíìsì, bẹ́ẹ̀ ni kò wọ ẹ̀wù. Kì í ṣe fún afẹ́. Táì náà ni ó bo ibi tí orí gbé pàdé ọrùn, kí wọ́n lè máa yí orí nìkan, kí wọ́n má sì tún ara yà. Àwa tí a ti ń wo bíárì yìí láti ọjọ́ pípẹ́ kò mọ̀ pé àìlówó ni ó so táì mọ́ ọn lọ́rùn.

Eré wọn kìíní, Ruff and Reddy, jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 1957. Huckleberry Hound tẹ̀lé e ní 1958, àwọn tí ń ta oúnjẹ òwúrọ̀ Kellogg's ni wọ́n sì gbé ìnáwó rẹ̀ nítorí ìpolówó. Flintstones dé ní 1960, Scooby-Doo ní 1969. Ṣùgbọ́n kí ti Scooby-Doo tó dé, àwọn méjèèjì ti ta ilé iṣẹ́ náà. Ní ìparí ọdún 1966 ni ilé iṣẹ́ Taft rà á ní mílíọ̀nù 12 dọ́là, wọ́n sì ń bá iṣẹ́ lọ níbẹ̀ bí alábòójútó ohun tí ó ti jẹ́ tiwọn rí. Ní 1991, ilé iṣẹ́ Turner rà á pẹ̀lú àwọn alájọṣe rẹ̀ ní mílíọ̀nù 320 dọ́là. Kì í ṣe àga àti tábìlì ni wọ́n rà ní iye yẹn. Àká àwọn eré àtijọ́ ni wọ́n rà, ní ọdún kejì wọ́n fi dá Cartoon Network sílẹ̀, tí ń fi kàtúùnù hàn láti òwúrọ̀ títí di òru. Turner sì ti ra àká MGM tẹ́lẹ̀ ní 1986. Báyìí ni ohun tí Hanna àti Barbera ṣe nígbà tí wọ́n jẹ́ ọmọ iṣẹ́, àti èyí tí wọ́n ṣe nígbà tí wọ́n jẹ́ ọ̀gá, fi bọ́ sọ́wọ́ ẹnìkan náà. Hanna kú ní 2001, Barbera ní 2006. Ológbò wọn ṣì ń pa owó.

A lè bi wá pé kí ni èyí kan ará Ìbàràpá. Ó kàn wá púpọ̀. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 1959, Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ṣí tẹlifíṣọ̀n WNTV ní Ìbàdàn, èyí tí ó jẹ́ àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Ìbàdàn kò jìnnà sí wa. Àwọn ará Èrúwà àti Igbó-Ọrà tí wọ́n ń ṣòwò níbẹ̀ wà nínú àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ mú ìròyìn àpótí tí ń sọ̀rọ̀ náà bọ̀ wálé. Ṣùgbọ́n ilé tẹlifíṣọ̀n gbọ́dọ̀ ní ohun tí yóò fi hàn, kàtúùnù sì ni ohun tí ó wọ́n jù láti ṣe, tí ó sì rọrùn jù láti rà. Eré tí ó ti rí owó rẹ̀ gbà padà ní Amẹ́ríkà, ohunkóhun tí ẹni tí ó ni ín bá rí gbà nílẹ̀ wa, èrè ni. Yóò tà á ní ọ̀pọ̀. Ọmọ wa tí ó bá fẹ́ ya tiẹ̀ kò lè tà á ní iye náà, nítorí òun kò ì tíì rí owó òróró rẹ̀ gbà padà níbìkan. Èyí ni ògiri tí gbogbo ilé iṣẹ́ kàtúùnù ní ilẹ̀ Áfíríkà ń forí gbá, kì í sì í ṣe pé ọwọ́ wọn kò mọ àwòrán yà.

Ọwọ́ wa ti mọ̀ ọ́n yà láti ìgbà pípẹ́. Ní ilẹ̀ Niger, Moustapha Alassane ya ìrìn-àjò ọ̀pọ̀lọ́ kan tí ó jẹ́ olórí ìlú nínú Bon Voyage Sim ní ọdún 1966. Ní Dakar, Pierre Sauvalle, ọmọ ilẹ̀ Cameroon, àti Aïda N'Diaye dá ilé iṣẹ́ Pictoon sílẹ̀ ní 1998. Wọn kò rí ayàwòrán tí ó mọ iṣẹ́ náà tó láti gbà, nítorí náà wọ́n kọ́ àwọn ọ̀dọ́ Dakar fúnra wọn, bí alágbẹ̀dẹ ti ń kọ́ ọmọ iṣẹ́, wọ́n sì fi wọ́n ṣe Kabongo le Griot, eré tẹlifíṣọ̀n tí akéwì arìnrìn-àjò kan wà nínú rẹ̀.

Ní orílẹ̀-èdè tiwa, ẹni tí a óò kọ́kọ́ dárúkọ ni Adamu Waziri, tí ilé iṣẹ́ rẹ̀, EVCL, wà ní Àbújá. Òun ni ó dá eré Bino and Fino sílẹ̀. Ọmọkùnrin kan àti arábìnrin rẹ̀ ni, wọ́n ń gbé lọ́dọ̀ bàbá àgbà àti ìyá àgbà wọn ní ìlú ńlá kan ní Áfíríkà, labalábá kan tí ń jẹ́ Zeena a sì máa bá wọn ṣe àwárí nǹkan. Kò sí ìjà nínú rẹ̀, kò sí ẹni tí ń fi igi lu orí ẹnìkejì rẹ̀. Ohun tí ó mú Waziri ṣe é ni pé kàtúùnù tí ń kọ́ ọmọ ní ẹ̀kọ́ pọ̀, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí ọmọ Áfíríkà fi lè rí ilé tirẹ̀, aṣọ tirẹ̀ àti oúnjẹ tirẹ̀.

Nípa òwò rẹ̀, ẹ gbọ́ ohun tí ó yà wá lẹ́nu. Ẹni tí kò mọ̀ yóò rò pé ilé tẹlifíṣọ̀n ni yóò sanwó fún ayàwòrán. Lọ́dọ̀ wa, òdìkejì rẹ̀ ni ó wọ́pọ̀: ẹni tí ó ṣe eré ni ilé tẹlifíṣọ̀n ń bèèrè owó àkókò lọ́wọ́ rẹ̀, bí ẹni pé àgbẹ̀ ni yóò sanwó fún ẹni tí yóò jẹ iṣu rẹ̀. Nítorí náà ni EVCL ṣe yíjú sí òkè òkun. Ó ń ta eré náà nínú àwo DVD fún àwọn òbí tí wọ́n ti kúrò nílé, tí wọ́n wà ní Lọ́ńdọ̀nù àti ní Amẹ́ríkà, tí ẹ̀rù ń bà pé kí ọmọ wọn má gbàgbé orísun. Àwọn wọ̀nyí ni wọ́n kọ́kọ́ ra á. Àwa tí a wà nílé, tí a rò pé orísun kò lè sá kúrò lọ́dọ̀ wa, kò tètè rí ìdí tí a fi níláti ra nǹkan. A sì ti ṣe é ní èdè Yorùbá, ní Ìgbò àti ní Haúsá, a sì lè rí i lórí YouTube láìsanwó.

Láìsanwó fún ẹni tí ń wò ó ni, a gbọdọ̀ fi kún un. Ẹni tí ó gbé eré sórí YouTube ń gba ìpín nínú owó ìpolówó. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2019, Google àti YouTube gbà láti san mílíọ̀nù 170 dọ́là fún ìjọba Amẹ́ríkà, nítorí pé wọ́n ń kó ọ̀rọ̀ nípa àwọn ọmọdé jọ láìgba àṣẹ òbí wọn, tí wọ́n sì ń fi ṣe ìpolówó. Láti oṣù Kìíní ọdún 2020, a kò gbọdọ̀ fi ìpolówó tí a yàn fún olúkúlùkù sí ara eré ọmọdé mọ́. Òfin rere ni, àwa sì fara mọ́ ọn. Bẹ́ẹ̀ ni ìpolówó tí a kò yàn fún ẹnikẹ́ni kì í mówó wá bí èyí tí a yàn, ẹni tí kò jẹ̀bi ohunkóhun sì bá àwọn ẹlẹ́bi san nínú owó ìtanràn náà.

Ìtàn kejì ni ti Kugali, ó sì dùn mọ́ wa nítorí orúkọ tí ó so mọ́ ọn. Tolu Olowofoyeku àti Olufikayo Adeola, ọmọ Nàìjíríà, pẹ̀lú Hamid Ibrahim, ọmọ Uganda, ni wọ́n wà nídìí rẹ̀. Wọn kò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú kàtúùnù. Ọ̀rọ̀ ẹnu ni wọ́n kọ́kọ́ ń gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì nípa àwòrán àti ìtàn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ń tẹ ìwé ìtàn alàwòrán. Owó ìtẹ̀wé, wọ́n bẹ àwọn òǹkàwé pé kí olúkúlùkù san sílẹ̀ kí ìwé tó jáde, àwọn ènìyàn sì san án. Àwọn àgbà tí wọ́n mọ bí a ti ń tẹ ìwé ìtàn ìlú nílẹ̀ yìí ní ayé àtijọ́ kì yóò rí ohun tuntun nínú ọgbọ́n yìí.

Ní ọdún 2019, ilé iṣẹ́ BBC fi ọ̀rọ̀ wá wọn lẹ́nu wò. Wọ́n sọ níbẹ̀ pé àwọn yóò borí Disney ní ilẹ̀ Áfíríkà. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n lò gan-an le díẹ̀, àwa kò sì ní tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé tí àwọn ọmọdé ń kà. Disney ni ilé iṣẹ́ tí a dá sílẹ̀ ní 1923, tí gbogbo ayé mọ eku rẹ̀. Bí ẹni tí ó ní ilé aláruru bá gbọ́ pé ọ̀dọ́ kan ń halẹ̀ mọ́ òun, ó lè rẹ́rìn-ín, ó sì lè bínú. Jennifer Lee, tí ó jẹ́ olórí àwọn olùdá eré ní ilé iṣẹ́ àwòrán Disney nígbà náà, kò ṣe ọ̀kankan nínú méjèèjì. Ó ránṣẹ́ sí wọn. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2020 ni a kéde pé Disney àti Kugali yóò jọ ṣe eré kan, Ìwájú ni orúkọ rẹ̀. Orúkọ Yorùbá ni, a kò túmọ̀ rẹ̀.

Wọ́n ní yóò jáde ní 2022. Ó di ọjọ́ 28 oṣù Kejì ọdún 2024 kí ó tó jáde. Ìpín mẹ́fà ni. Olufikayo Adeola ni ó darí rẹ̀, ilé iṣẹ́ Cinesite ni ó sì ṣe iṣẹ́ àwòrán rẹ̀. Èkó tí ó ń bọ̀ lọ́jọ́ iwájú ni a rí nínú rẹ̀: Tola, ọmọ olówó tí ń gbé ní Erékùṣù, àti Kole, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí ó wá láti apá kejì omi, pẹ̀lú aláǹgbá kan tí ń jẹ́ Otin, tí ó jẹ́ ẹ̀rọ. Ọkọ̀ ń fò lójú ọ̀run, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Èkó kò sì tíì tán. Èyí pa wá lẹ́rìn-ín.

Ṣùgbọ́n orí Disney+ ni a kọ́kọ́ gbé e sí, Disney+ kò sì sí ní Nàìjíríà ní ọdún náà. Ọmọ Èkó kò lè rí Èkó nígbà tí ọmọ New York ń rí i. Lẹ́yìn náà ni a fi í hàn lórí Disney Channel ní ilẹ̀ Áfíríkà, fún ilé tí ó bá lè sanwó rẹ̀. Nígbà tí ó sì di oṣù Kẹta ọdún 2025, a gbọ́ pé ilé iṣẹ́ àwòrán Disney kò ní máa ṣe eré gígùn fún ìkànnì rẹ̀ yẹn mọ́, wọ́n sì pa eré kan tì tí wọ́n ti ń ṣe lórí Tiana. Kugali kọ́ ni ó ṣe ìpinnu náà. Ọ̀dọ̀ onílé ni ó ti wá.

Àwọn ará wa ní Ìbàràpá mọ ohun tí a ń pè ní àgbàsìn. Ẹnìkan ra ewúrẹ́, kò ní àyè láti sìn ín, ó gbé e fún ẹlòmíràn. Ẹni tí ń sìn ín ni ó ń já ewé fún un, tí ń lọ wá a bí ó bá sọnù. Bí ó bá bímọ, wọn a pín ọmọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ìyá ewúrẹ́ jẹ́ ti ẹni tí ó rà á. Kò sí ìtìjú nínú àgbàsìn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ti inú rẹ̀ ní agbo ẹran tirẹ̀. Àwa kò sì bá Kugali wí pé ó gba ẹran ọlọ́rọ̀ sìn, nítorí owó tí ó tó ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò sí lọ́wọ́ ẹnìkan tí ìbá gbé e fún wọn nílé. Waziri ní tirẹ̀ gba ọ̀nà kejì: ewúrẹ́ rẹ̀ kò sanra tó ti Disney, ṣùgbọ́n tirẹ̀ ni, títà àti àìtà rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí a bá fi dandan bi wá léèrè, ọ̀nà kejì ni ó wù wá, nítorí ohun tí a rí nípa Hanna àti Barbera, pé kì í ṣe inú eré tí a ń ṣe lọ́wọ́ ni ọrọ̀ wà bí kò ṣe inú àká. Àmọ́ ó rọrùn fún wa láti sọ bẹ́ẹ̀. Àwa kọ́ ni a ń san owó oṣù.

A padà lọ sí ilé ọ̀rẹ́ wa ní ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ìyẹn. A ti sọ ti Bino àti Fino fún un, ó sì ti wá èyí tí ó jẹ́ ti Yorùbá rí lórí fóònù. Àwọn ọmọ náà kọ́kọ́ kọ̀ ọ́. Wọ́n ní kò sí ìjà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni èyí tí ó kéré jù lọ nínú wọn gbọ́ tí àwòrán ń sọ Yorùbá, ó yí padà wo ìyá àgbà bí ẹni pé òun ni ó ń sọ̀rọ̀ láti inú fóònù. Ìyá àgbà gbé ẹ̀gúsí sílẹ̀. Ó wò ó títí, ó ní ìyá àgbà inú rẹ̀ múra dáadáa, ó sì bi wá pé èló ni wọ́n san fún àwọn tí ó yà á.

A sọ fún un pé owó dátà ni bàbá àwọn ọmọ san, ilé iṣẹ́ fóònù ni ó sì gbà á. Pé bí ìpolówó bá wà lórí rẹ̀, díẹ̀ lè kan àwọn ayàwòrán. Ó ní, “Díẹ̀ báwo?” Kí a tó dáhùn ni dátà tán, àwòrán sì dúró gbọn-in ní àárín ọ̀rọ̀. Àwọn ọmọ pariwo. Bàbá wọn ti na ọwọ́ sí àpò láti ra òmíràn nígbà tí a gbọ́ “Ààlọ́ o!” láti orí àpótí, ọmọ ọdún mẹ́fà nì wò wá lójú, ó sì dáhùn wúyẹ́wúyẹ́, bí ẹni tí kò dá a lójú, pé, “Ààlọ̀.”